Kọ iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ ogójì

1.
Ẹ bi ọmọdé pé kí ló fẹ́ dà lọ́la, kíá ló máa dá yín lóhùn: dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà. Ẹ wá bi í pé kí ni ẹnjiníà yẹn máa ń ṣe tó bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Òrùlé lá máa wò.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí nìyẹn. Ó gùn díẹ̀, torí náà ẹ fi pamọ́ tẹ́ ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní àbúrò nílé, tàbí tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń wá iṣẹ́, ẹ má fò ó o.

2.
Àwọn tó ti ń tẹ̀ lé mi tipẹ́ mọ̀ pé ọdún 2025 ni mo sin ìlú. Ọmọ Èkó ni mí, Ìsẹ́yìn ni wọ́n gbé mi lọ, ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan. Yorùbá ni wọ́n ní kí n máa kọ́ wọn. Àmọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n tún fún mi ní píríọ́dù kan pẹ̀lú SS1, kí n máa bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ iwájú.

Ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta. Kò sí ìwé tá a máa tẹ̀ lé. Ṣọ́ọ̀kì wà ṣá.

3.
Jímọ̀ àkọ́kọ́, mo ní kí kálukú sọ ohun tó fẹ́ dà. Mo ń kọ ọ́ sójú pátákó bí wọ́n ṣe ń pè é. Dókítà 11. Nọ́ọ̀sì 9. Lọ́yà 8. Ẹnjiníà 6. Agbábọ́ọ̀lù 5. Ṣọ́jà 4. Olórin 3. Gómìnà 1. (Gómìnà yẹn ò rẹ́rìn-ín o. Ó le lójú bí ẹni tí wọ́n ti fìbò yàn.)

Ahunṣọ ò sí níbẹ̀ rárá. Ní Ìsẹ́yìn! Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, ìlú aṣọ òkè ni Ìsẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ti wé gèlè aṣọ òkè lọ síbi ìgbéyàwó rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti hun ún. Láti fèrèsé kíláàsì wa, tí ariwo bá lọ sílẹ̀, à ń gbọ́ ìró òfì.

4.
Mo wá ń ro ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀. "Kí lo fẹ́ dà?" "Dà" ló wà níbẹ̀, "ṣe" ò sí níbẹ̀. À ń bi ọmọ pé irú ènìyàn wo ló fẹ́ káwọn èèyàn máa rí. A ò bi í pé kí ni ọwọ́ rẹ̀ máa máa ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ẹ wo orúkọ tí àwọn baba wa fún iṣẹ́. Ahunṣọ: ẹni tó ń hun aṣọ. Apẹja: ẹni tó ń pa ẹja. Akọ̀ròyìn: ẹni tó ń kọ ìròyìn. Agbẹjọ́rò: ẹni tó ń gba ẹjọ́ rò. Orúkọ náà ti sọ iṣẹ́ náà tán. Ìgbà tá a sọ agbẹjọ́rò di "lọ́yà" lẹ́nu ni iṣẹ́ inú rẹ̀ fara pamọ́, tó fi jẹ́ pé aṣọ dúdú àti wíìgì nìkan ni ọmọdé rí.

5.
Ní Jímọ̀ kejì, mo pa "kí lo fẹ́ dà" tì. Mo ní: "Ẹ̀yin lẹ ni iléeṣẹ́ báyìí. Ẹ fẹ́ gba òṣìṣẹ́ kan. Ẹ kọ ìpolówó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ogójì péré ni mo fún yín. Tó bá lé ní ẹyọ kan, mo máa dá a padà."

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìpolówó? Torí pé ẹni tó ń kọ ìpolówó iṣẹ́ ti bọ́ sí òdìkejì tábìlì. Kò lè máa lálàá mọ́. Ó máa sanwó fún ẹnì kan, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń rà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ogójì? Torí pé mo ti ń kọ àkọlé fídíò fún àwọn oníṣòwò láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti gùn jù, irọ́ máa ń ríbi sá sí nínú rẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Àbọ̀ yẹn ò sì ṣeé sọ fún ẹni tí kò bá mọ odidi.

6.
Wọ́n kọ́kọ́ jà lórí ohun tó ń jẹ́ ọ̀rọ̀. "Ma, ṣé 'ń' náà wà nínú iye?" Mo ní ohunkóhun tí àyè bá ti wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ni. Ẹ ò rí i pé wọ́n gbọ́n? Ẹ̀kọ́ ìpajẹ tí wọ́n ń sá fún ní kíláàsì Yorùbá, wọ́n sáré lọ ṣí i. "Gba ìwé", ọ̀rọ̀ méjì. "Gbàwé", ọ̀rọ̀ kan. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wọ́n.

7.
Ìpolówó àkọ́kọ́ tí mo gbà rèé, bó ṣe wà:

"A ń wá dókítà. Kó jẹ́ aláápọn, olóòótọ́, onírẹ̀lẹ̀, ọlọ́pọlọ pípé, ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó sì fẹ́ràn ènìyàn. Owó ńlá wà níbẹ̀."

Mo kà á sókè, mo wá bi kíláàsì pé: "Tí mo bá yọ 'dókítà' kúrò níbẹ̀ tí mo fi 'awakọ̀' sí i, ṣé ó ṣì bá a mu?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. "Tí mo bá fi 'ọkọ ìyàwó' sí i ńkọ́?" Gbogbo wọn ta bàmùbàmù lẹ́rìn-ín.

Aláápọn, olóòótọ́, onírẹ̀lẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti lọ láìsọ nǹkan kan. Ta ló tiẹ̀ ń wá ọ̀lẹ? (Ẹ̀yin iléeṣẹ́ tí ẹ máa ń kọ pé ẹ fẹ́ ẹni tó lè ṣiṣẹ́ nínú ìnira, mo rí yín o. Ìnira wo gan-an ni? Ẹ dárúkọ rẹ̀.)

8.
Lẹ́yìn ìyẹn, mo kọ ìbéèrè méje sójú pátákó. Ìpolówó tí kò bá dáhùn wọn, kò tíì parí:

Kí ni iṣẹ́ náà ń jẹ́?
Kí ni ẹni náà máa máa ṣe gan-an? (Ọ̀rọ̀ ìṣe ni mo fẹ́: wọn, gé, kà, gbé, hun.)
Níbo?
Láti aago mélòó sí aago mélòó, ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀?
Kí ló gbọ́dọ̀ ti kọ́ tàbí kó ti ní kó tó wá?
Èló ni, ta ló sì máa san án?
Báwo ni èèyàn ṣe máa béèrè fún un, ọjọ́ wo ló sì máa parí?

Òfin kan ṣoṣo ló kù: tó ò bá mọ ìdáhùn, má ṣe gbé e kalẹ̀ látinú orí rẹ. Lọ bá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà, kó o bi í.

9.
Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì lọ sí ìbùdó ìlera tó wà ládùúgbò wọn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ọwọ́ nọ́ọ̀sì fi dilẹ̀. Ohun tó kó bọ̀ rèé:

"A ń wá nọ́ọ̀sì. Yóò wọn ìfúnpá, fún ènìyàn lábẹ́rẹ́, gbẹ̀bí, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan àárọ̀, ọ̀sẹ̀ kan òru. Kó ní kírẹ́díìtì márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́, Kẹ́mísìrì, Físíìsì, kó gbàwé àṣẹ nọ́ọ̀sì. Kó lè dúró pẹ́."

Ọ̀rọ̀ méjìdínlógójì. "Kó lè dúró pẹ́" yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ ọ́n kọ àfi ẹni tó ti rí ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì nígbà tó bọ́ bàtà.

10.
Àmọ́ ibi tó ti dákẹ́ ni ìlà kírẹ́díìtì yẹn. Ó kà á tán, ó dúró gbagidi níwájú kíláàsì. Ẹ̀ka Art ló wà. Kò ṣe Kẹ́mísìrì, kò ṣe Físíìsì. Láti JSS1 ló ti ń sọ pé nọ́ọ̀sì lòun máa ṣe, gbogbo ará ilé ń pè é ní "nọ́ọ̀sì wa", kò sì sẹ́ni tó wo ohun tó wà nínú báàgì rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé òun nìkan ni. Mélòó nínú wa ló jẹ́ pé ìgbà tá a fẹ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù JAMB la tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ti tì láti SS1? Ẹni tó fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn, ọdún mẹ́fà ló máa lò ní yunifásítì, á tún lo ọdún kan ní ọsibítù lábẹ́ àwọn àgbà, kó tó wá sin ìlú. Lọ́yà ń lo ọdún márùn-ún, á tún lọ sí Law School. Àwọn ọmọ yìí ò mọ ìkankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ti yàn nìyẹn.

Ìyá ọmọ náà wá sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Sáà kejì la wà, SS1 ṣì ni. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka Sáyẹ́ǹsì. Ó kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sórí.

11.
Ẹ kíyè sí i pé owó ò sí nínú ìpolówó nọ́ọ̀sì yẹn. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní: "Ma, wọn kì í bi àgbà léèrè iye owó oṣù rẹ̀."

Òótọ́ ni. Wọ́n ti tọ́ gbogbo wa bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè mọ orúkọ ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí aládùúgbò rẹ̀ bí, kó má mọ èló ló ń gbà. Kò burú láàárín ará. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ ta wákàtí ayé rẹ̀ fún ọ, tó bá ń tijú láti bi ọ́ léèrè owó, ìwọ lo jèrè ìtìjú yẹn.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ tèmi síta: àgùnbánirọ̀, ₦77,000 lóṣù, ìjọba àpapọ̀ ló ń san án. Kíláàsì dákẹ́ bí ẹni pé mo bọ́ṣọ. Ọmọ kan ní: "Ma, ẹ̀yin náà ń gbìyànjú."

12.
Iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ yẹn: kí wọ́n da ìpolówó iṣẹ́ tí wọ́n bá rí lára ògiri ìlú kọ. Wọ́n kó mọ́kànlá wá. Ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ibi tí wọ́n ti ń ta omi inú ọ̀rá, ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀kan ṣoṣo ló kọ iye owó. Mẹ́sàn-án kọ "kíákíá". Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kọ "ọmọbìnrin" láìsọ ìdí.

Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ owó oṣù tó kéré jù. Láti oṣù Keje ọdún 2024, ₦70,000 ni òfin sọ. Àmọ́ òfin náà yọ ibi tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò bá tó 25 sílẹ̀, ìyẹn ni pé ó yọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n da ìpolówó wọn kọ sílẹ̀. Níbi tí òfin ò bá dé, ẹnu rẹ ló kù. Béèrè.

13.
Ó wá ku ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn. Lọ́yà lòun fẹ́ ṣe. Ó kọ ìlà kan, ó pa á rẹ́, ó tún kọ ọ́. Mo jókòó tì í, mo bi í pé iṣẹ́ wo ló mọ̀ dáadáa, tí kò ní láti bi ẹnikẹ́ni. Ó ní: "Kò sí, ma. Bàbá mi ni mo kàn máa ń bá hun nǹkan."

Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. "Kàn." "Nǹkan." Ọmọ tó ti ń jókòó sídìí òfì láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo ní kó kọ "nǹkan" yẹn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá:

"A ń wá ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn. Yóò máa ta òwú, yóò máa hun aṣọ òfì, aago méje àárọ̀ sí márùn-ún, Mọ́ńdè sí Sátidé. Kí ojú rẹ̀ mọ àwọ̀, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́ra. Owó: iye aṣọ tó bá hun."

Ẹ kà á. Ogójì géérégé. Mo ní kò sọ bí wọ́n ṣe máa wá béèrè iṣẹ́ náà. Ó ní: "Ma, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á gbọ́ ìró òfì láti títì."

14.
Kíláàsì ò fi í sílẹ̀ o. "Èló lórí aṣọ kan? Ta ló ń ra òwú?" Kò mọ̀. Ó lọ bi bàbá rẹ̀ nílé. Ó ní àwọn méjèèjì jókòó ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ń ṣírò: owó òwú, ọjọ́ tí wọ́n fi hun ún, iye tí àwọn tó ń wá rà á láti Èkó àti Ìbàdàn ń san. Mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí, owó ẹlòmíràn ni. Àmọ́ ohun tí ọmọ náà sọ fún wa ní Jímọ̀ rèé: "Bàbá mi ò ka iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn mọ́ owó rí. Òwú nìkan ni wọ́n ń ṣírò."

Ó ṣì fẹ́ ṣe lọ́yà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sọ "kàn" mọ́.

15.
Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá di ọ̀rọ̀ ńlá rèé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọbìnrin kan gbé ìwé wá. Ó ní òun ò da tòun kọ lára ògiri, orí fóònù ẹ̀gbọ́n òun lòun ti rí i:

"Iṣẹ́ ń bẹ ní òkè òkun! Oman. Ọmọbìnrin ọdún 18 sí 35. Owó gidi. Ìwé ìrìnnà ọ̀fẹ́. Kò nílò ìwé ẹ̀rí. Ààyè kù díẹ̀. Ẹ kàn sí wa kíákíá."

Ó ní: "Ma, mo kà á. Ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ó dára, àbí?"

Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, mo ní kí kíláàsì fi ìbéèrè méje wọ̀n ọ́n.

16.
Kí ni iṣẹ́ náà ń jẹ́? Kò sí. Kí ló máa máa ṣe? Kò sí. Níbo? Odidi orílẹ̀-èdè, láìdárúkọ ìlú. Aago mélòó? Kò sí. Kí ló gbọ́dọ̀ ti kọ́? Ohunkóhun kọ́. Èló, ta ló máa san án? "Gidi." Báwo la ṣe máa béèrè? Nọ́ńbà fóònù, kò sórúkọ.

Ọmọ tó fẹ́ ṣe gómìnà yẹn ló dìde. Ó ní: "Ma, kì í ṣe pé ó kúrú. Ó ṣófo ni."

Mi ò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kúkúrú yàtọ̀ sí òfìfo. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ogójì nípa òfì yọ ohun tí kò pọn dandan kúrò. Ẹni tó kọ èyí yọ gbogbo ohun tó pọn dandan kúrò.

17.
Mo wá ṣàlàyé fún wọn. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè agbègbè yẹn, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní kafala: ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ wà lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Tó bá fi ilé ọ̀gá yẹn sílẹ̀ láìgbàṣẹ, òun ló di arúfin. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé ọmọbìnrin Nàìjíríà kan sórí Facebook, níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà, ó sì kọ iye rẹ̀ sí i: ẹgbẹ̀rún kan dọ́là. Ariwo ta, ìjọba ibẹ̀ sì mú un.

Ẹ wò ó. Ìpolówó náà nìyẹn o. Iye owó wà níbẹ̀. Àmọ́ ènìyàn ni ọjà.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún wọn pé òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá ń kó òṣìṣẹ́ jọ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Àjọ NAPTIP náà wà, láti 2003, torí àwọn tó ń fi ènìyàn ṣòwò.

18.
Ọmọ kan bi mí bóyá ti ìjọba ló dájú. Mo sọ ti 15 oṣù Kẹta ọdún 2014 fún wọn. Àjọ Immigration fẹ́ gba òṣìṣẹ́. Ìpolówó gidi ni, kì í ṣe ti oníjìbìtì. Wọ́n gba ₦1,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àyè tó wà ò tó 5,000. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000. Wọ́n kó wọn sí pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà lọ́jọ́ kan náà. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kú nínú ìtìkọlura, ní Àbújá, Port Harcourt, Minna àti Benin.

Àwọn tó kú ò ṣe nǹkan kan ju kí wọ́n wá iṣẹ́ lọ.

Kíláàsì náà fúnra wọn ló ní kí n fi ìbéèrè kẹjọ sí i: ààyè mélòó ló wà, ṣé a ó sì sanwó ká tó wọlé?

19.
Ní Mọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin yẹn wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹni ọdún méjìlélógún. Inú ń bí i.

"Àǹtí Kọ́pà, ẹ ní kí àbúrò mi sọ fún màmá mi pé wọ́n fẹ́ lọ tà mí. Ẹ̀yin ẹ máa padà sí Èkó lóṣù mélòó sí i. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe níbí? Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣebí a fi tọmọ jẹ́ ẹ ni."

Mi ò ní iṣẹ́ tí mo lè fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kedere, torí pé lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbí, a mọ bí a ṣe ń sọ fún èèyàn pé "má lọ", ká sì tún yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbéèrè kì í bọ́ ènìyàn.

Mo ní: "Ẹ má bínú. N ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Àmọ́ ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ nínú òwe yẹn, ó ṣì ń padà wálé wá jíṣẹ́. Ẹ kàn bi wọ́n ní nǹkan mẹ́jọ yìí. Tí wọ́n bá dáhùn, èmi náà á gbàdúrà fún yín." Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan fún un. Ó gbà á, kò kí mi pé ó dàbọ̀.

20.
Ọjọ́bọ̀ ni àbúrò rẹ̀ mú èsì wá. Ẹ̀gbọ́n ti fi ìbéèrè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ránṣẹ́. Wọ́n dá a lóhùn: "Ṣé iṣẹ́ lo fẹ́ ni àbí ẹjọ́?" Ó tún béèrè orúkọ ìlú tí ilé náà wà. Wọ́n dínà mọ́ nọ́ńbà rẹ̀.

Kò lọ. Títí mo fi kúrò ní Ìsẹ́yìn, kò tíì rí iṣẹ́ tó ń wá. Ó ń bá ìyá rẹ̀ ta òwú lọ́jà. Ìgbà tí mo lọ ra òwú láti fi dágbére, ó dín owó fún mi, kò sì sọ̀rọ̀ Oman. Èmi náà ò sọ ọ́.

21.
Láàárín iṣẹ́ àti ìṣẹ́, àmì ohùn kan péré ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ irú ìpolówó yẹn mọ̀ pé ẹni tí ìṣẹ́ bá ń lé kì í dúró wo àmì. Ìdí tí "kíákíá" fi máa ń wà níbẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ gidi lè dúró de ìbéèrè mẹ́jọ. Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà; ẹni tí kò bá fẹ́ kó o béèrè, ó mọ ibi tó ń mú ọ lọ.

22.
Kí n tó gbàgbé: ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, àwọn ọmọ yẹn fọ̀rọ̀ wá èmi náà lẹ́nu wò. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ polówó iṣẹ́ tèmi. Wọ́n kà á sí mi létí:

"A ń wá ẹni tí yóò máa ṣe fídíò Yorùbá. Yóò kọ ọ́, yà á, gé e, dáhùn èébú. Ilé ni ọ́fíìsì, kò sí Sátidé, kò sí Sọ́ńdè. Kó ní fóònù, dátà àti jẹnẹrétọ̀. Owó: ó di ìgbà tó dé."

Ogójì. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Màmá mi ti ń bi mí láti ọdún mẹ́ta pé kí ni mò ń ṣe gan-an. Èyí ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn.

23.
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é nílé tàbí ní lẹ́sìn, kò gba nǹkan kan. Ẹ mú ọmọ kan, ẹ ní kó mú iṣẹ́ kan, ẹ fún un ní ìbéèrè mẹ́jọ àti ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kó lọ bá ẹni tó ń ṣe é. Ẹ má bá a kọ ọ́. Ẹ kàn máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa béèrè pé: "Tí mo bá fi iṣẹ́ mìíràn dípò rẹ̀, ṣé ó ṣì bá a mu?" Tó bá ṣì bá a mu, ẹ dá a padà.

Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń wá iṣẹ́, ẹ yí i padà. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́jọ yẹn wọn èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí. Ẹ ka iye tó dáhùn.

24.
Ó ti tó. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe báyìí, tàbí èyí tí bàbá àti ìyá yín ń ṣe, ẹ kọ ìpolówó rẹ̀ sábẹ́ ibí. Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ogójì. Mo máa kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá kọ "aláápọn", mo máa dá a padà.